‘Dispose’ ní Èdè Yorùbá: Nù tàbí Mọ́?

Nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìlera àti ti àyíká, ‘dànù’ ni ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ máa ń fi dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘dispose of’. Ìtumọ̀ yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ó bá jẹ́ ‘discard’ ni, kò sí àríyànjiyàn: omi ẹ̀gbin ni à ń dà nù, òkúta ni à ń jù nù. Ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́ ń sọ bí nǹkan ṣe kúrò lọ́wọ́. ‘Nù’ ń sọ pé olówó rẹ̀ kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n inú èdè Látìnì ni ‘dispose’ ti wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí a to nǹkan sí àyè tirẹ̀. Agbẹjọ́rò a máa lò ó fún ilẹ̀ tí baba tà tàbí tí ó pín fún ọmọ. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé baba da ilẹ̀ rẹ̀ nù ti sọ ọlọ́gbọ́n di àpà.

Nínú ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí gan-an ni àṣìṣe náà ti léwu jù. Bí onílé kan ní Gowon Estate, ní Ìpájà, bá gbé àpò ìdọ̀tí síta, tí ọkọ̀ akólẹ̀ sì gbé e lọ, ó lè wí pé òun ti dà á nù, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ní Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ni àkìtàn Solous wà, èyí tí ó ti gba ìdọ̀tí Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ìwòsàn ìjọba sì wà nítòsí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí irú àkìtàn bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀gbin lè jò wọlẹ̀ lọ bá omi kànga. Ohun tí ó nù lójú ará ibì kan kò nù lójú ará ibòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá kọ́ pé ‘dànù’ ni òpin ọ̀rọ̀ kò ní béèrè ibi tí nǹkan náà lọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ti tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 ní ‘Refuse Disposal’ nínú orúkọ rẹ̀. Ní 1981 ó di ‘Waste Disposal’. Ní 1991 ó di ‘Waste Management’, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LAWMA. Kò yẹ kí Yorùbá dúró sí ìdí ‘nù’.

Èdè náà kò ṣàìní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. ‘Palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́’ parí sí ‘mọ́’: bí ilẹ̀ kò bá mọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn kan lè wí pé a ti ń lo ‘palẹ̀mọ́’ fún ẹni tí ó ń múra ìrìn-àjò. Òtítọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ‘ìdọ̀tí’ kò fi gbọdọ̀ kúrò láàrin rẹ̀. Àwọn àgbà a sì máa wí pé àwọn da ilẹ̀ sí àkìtàn. ‘Sí’ ń béèrè ibi. ‘Nù’ kì í béèrè. Nítorí náà, ó yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ máa sọ ibi tí ìdọ̀tí lọ àti ohun tí a fi ṣe: yálà a sun ún ni, a rì í mọ́lẹ̀ ni, tàbí a tún un lò.

Kí ‘dànù’ àti ‘jùnù’ máa jẹ́ ti ‘discard’. Kí ‘tà’, ‘pín’ àti ‘fi tọrẹ’ wà fún ti agbẹjọ́rò. Kí ‘ìpalẹ̀-ìdọ̀tí-mọ́’ sì dúró fún ‘disposal’ nínú ìmọ̀ àyíká. Olùkọ́ tí ó bá lò wọ́n bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìbéèrè tí ó tọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́: ilẹ̀ ta ni ó mọ́, ilẹ̀ ta ni kò sì mọ́?