Fífẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lójú

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a kọ́ nígbà tí ìlú kò ju abúlé ńlá lọ ni ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ògiri rẹ̀ kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń wọ inú rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye àwọn tí a kọ́ ọ fún. Bẹ́ǹṣì tí ó yẹ kí ọmọ mẹ́ta jókòó sí, ọmọ mẹ́fà ni ó há ara wọn mọ́ orí rẹ̀, ẹni tí ó sì wà ní ìkángun kò lè kọ̀wé àfi bí ó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ògiri. Àwọn tí kò rí àyè nínú ilé a máa jókòó sí abẹ́ igi fúrúùtù, tí a gbé pátákó ìkọ̀wé ti ìdí igi. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé kí àwọn ọmọ tí olùkọ́ kan yóò máa kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má ju 35 lọ. Ìdí iye yìí kò ṣòro láti rí. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gbọ́ ìwé kíkà lẹ́nu ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 2 péré, ọmọ 35 yóò gba ìṣẹ́jú 70. Bí ọmọ bá di 100, iṣẹ́ náà yóò gba ìṣẹ́jú 200, èyí tí ó ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò sì sí olùkọ́ tí ó ní wákàtí mẹ́ta fún ìwé kíkà nìkan lójúmọ́. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé kí gbogbo kíláàsì jọ pariwo kà á pọ̀. Ọmọ tí kò mọ ìwé kà yóò máa ya ẹnu bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ títí yóò fi dé kíláàsì kẹfà.

Bí ọ̀ràn ti rí báyìí, ènìyàn yóò rò pé ọjọ́ tí a bá kéde pé a fẹ́ fi yàrá mẹ́fà kún ilé-ẹ̀kọ́ ni ìlú yóò lu ìlù, tí wọn yóò jó. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé, ìwé ẹ̀hónú ti wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà mìíràn, agbẹjọ́rò ti wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀ràn báyìí a máa yára pe gbogbo àwọn tí ó kọ̀ ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ìyẹn kò tọ́. Ẹ̀hónú wọn kò wúwo bákan náà, ó sì yẹ kí a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ìwọra lásán ni ó ń mú kí ẹbí kan kọ̀ láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ ìtàn. Àwọn ẹbí wọ̀nyí gan-an ni ó fi ilẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí bí Ansar-Ud-Deen sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọn, baálé ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn yí ilẹ̀ ká, tí ó ń nawọ́ sí igi pèrègún tí ó jẹ́ ààlà. Kò sí awọnlẹ̀, kò sí ìwé. Obì àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹ̀rí. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀, ni àwọn ọmọ ọmọ baálé bá rí i pé ilẹ̀ tí bàbá ńlá wọn fi ta Ọlọ́run lọ́rẹ ti di ti ìjọba, láìsí ẹni tí ó wá sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 dé, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Nínú òfin yìí, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, owó ilé àti ti ohun ọ̀gbìn tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò san. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ẹni tí ó ni ín yóò gbà kò ju owó ilẹ̀ tí ó san lọ́dún náà lọ, bí ó bá san rárá. Àgbẹ̀ tí a gba oko kòkó rẹ̀ yóò gba owó igi kòkó. Ẹbí tí ilẹ̀ wọn jẹ́ igbó tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn ọmọ wọn tí yóò kọ́lé lọ́jọ́ iwájú yóò pa dà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nítorí náà, nígbà tí katapílà bá dé lójijì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó sì ń hú ilẹ̀ níbi tí a sin àwọn òkú ẹbí sí, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwọn ọ̀dọ́ ilé náà bá dúró síwájú rẹ̀. Ẹ̀bi irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn àwọn tí ó rán katapílà kí wọ́n tó rán ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ilẹ̀ ní apá kejì tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ kí a mẹ́nu kàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ kò fi ní àyè mọ́ ni pé a ti gé pápá eré rẹ̀ tà díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìhà ojú títì, ẹlòmíràn kọ́ ilé sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí sí, àwọn tí ó gba owó wọ̀nyí náà ni ó sì wá ń sọ pé ilẹ̀ kò sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Níhìn-ín, àwọn tí a ti kọ́ ni ó ń gbé ilé ẹ̀kọ́ tà.

Ní ti ariwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ń ráhùn pé àwọn ọmọ ń gun igi máńgòrò wọn, pé wọ́n ń da omi ẹ̀rọ nù, pé agogo kì í jẹ́ kí àgbàlagbà sùn lọ́sàn-án. Òótọ́ ni. Ògiri tí ó yí ọgbà ká àti kànga tí ó jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yóò parí ìdajì ìjà wọ̀nyí, owó wọn kò sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó yàrá mẹ́fà.

Ẹ̀hónú mìíràn tún wà tí a ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. Àwọn kan ní ọmọ àtọ̀húnrìnwá ni ó kún ilé-ẹ̀kọ́, pé kí olúkúlùkù mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Èyí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Àwọn àlejò náà ni ó ń ra ọjà ní ìsọ̀ wọn, àwọn ni ó sì ń gbé inú yàrá tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ bàbá kò lè sọ pé òun kò mọ ọmọ. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; òwe náà kò béèrè ìlú ìyá ọmọ náà.

Ẹ̀hónú tí a kì í gbọ́ ní gbangba rárá ni ó burú jù. Nínú àwọn tí ó máa ń fọwọ́ sí ìwé, a kò ní ṣàìrí ẹni tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní àdúgbò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá ṣe ń kún sí i ni tirẹ̀ ń lówó sí i, nítorí òbí tí ó bá rí bẹ́ǹṣì ọlọ́mọ mẹ́fà yóò tọrọ, yóò yá, kí ó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ìlú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìpàdé mọ ohun tí ó ń tà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òbí tí ó rí já jẹ wà, àwọn tí ọmọ wọn kì í gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọjá. Wọ́n ní ọ̀ràn náà kò kan àwọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní ti àwọn àgbà tí ń sọ pé, “Àwa náà kàwé lábẹ́ igi, a sì di ènìyàn,” ó tọ́ kí a rán wọn létí bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe dé abẹ́ igi náà. Ní oṣù Keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókòyà, tí ó jẹ́ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìjọba tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ darí bu owó orí tuntun lé àwọn ará ìlú fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ariwo sọ. Àwọn àgbẹ̀ béèrè ẹni tí yóò bá wọn kó kòkó bí gbogbo ọmọ bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ alátakò gbé ọ̀rọ̀ owó orí náà káàkiri. Nígbà tí a sì dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ Ìjọba Àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1954, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-ẹ̀kọ́ ṣí. Àwọn ọmọ tí kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn alátakò ìgbà náà kò ṣàṣìṣe nínú ohun gbogbo. Wọ́n ní olùkọ́ kò ní tó, kò sì tó. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ dúró síwájú kíláàsì kò gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ rí, ìjọba sì ní láti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ onípò kẹta kíákíá láti dí àlàfo náà. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní a ti dúró de ìgbà tí olùkọ́ yóò pé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955 ì bá ti di géndé lóko. Láti inú àwọn ọmọ 1955 yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti jáde, àwọn kan nínú wọn ni a sì ń rí lónìí tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé pé kí a má fi yàrá kún ilé-ẹ̀kọ́.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Kí ó tó di ọdún 1979, ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kún débi pé àwọn ọmọ kan ń lọ ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ń lọ ní ọ̀sán. Ọmọ ọ̀sán ti ṣeré tàbí kiri ọjà kí ó tó dé kíláàsì, oorun ni ó sì ń gbé lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó délé. Nígbà tí Alhaji Lateef Jákàńdè di gómìnà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ìpínlẹ̀, ó sì fi òpin sí ọ̀sán àti òwúrọ̀ náà. Àwọn alátakò rẹ̀ wo àwọn ilé gbọọrọ náà, wọ́n sì sọ wọ́n ní ilé adìyẹ. Ilé náà kò lẹ́wà lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì ti wó láti fi èyí tí ó dára jù rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kàwé nínú wọn ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ojú tí ó là, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹwà wọn.

Owó kò jìnnà sí ọ̀ràn yìí. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti girama, Ìjọba Àpapọ̀ sì ní owó kan tí ó yà sọ́tọ̀, tí ìpínlẹ̀ kò lè gbà àfi bí òun náà bá mú ìpín tirẹ̀ wá. Owó tí a bá rí gbà lọ́nà báyìí kò ní dúró de ìlú tí ń jà. Bí ẹjọ́ bá wà nílé-ẹjọ́ lórí ilẹ̀ kan, ó rọrùn fún ọ́fíìsì láti gbé yàrá mẹ́fà náà lọ sí ibòmíràn. Ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sì í yára: ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní nígbà tí a pe ẹjọ́ lè ti parí kíláàsì kẹfà kí adájọ́ tó dá a.

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀nà wà. Kí awọnlẹ̀ wá kí katapílà tó wá. Kí a pe baálé, kí a fi ààlà hàn án, kí a fún un ní ìwé tí yóò fi han àwọn ọmọ rẹ̀, kí a sì san owó ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ kí a tó gé igi kan. Kí a gba apá tí wọ́n ti tà nínú pápá pa dà níbi tí kò bá tíì sí ilé lórí rẹ̀. Ibojì ni kí a yẹ̀ sílẹ̀, kódà bí àwòrán ilé yóò bá tìtorí bẹ́ẹ̀ wọ́. Níbi tí ilẹ̀ kò bá sì sí lóòótọ́, kí a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà máa gun òkè, kí a fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn kéékèèké, kí a sì ṣe àtẹ̀gùn méjì dípò ẹyọ kan, nítorí ọjọ́ tí iná tàbí ìjì bá dé.