Síìmù Méjì, Òpó Kan: Ọ̀rọ̀ Íntánẹ́ẹ̀tì fún Oníṣòwò Ilé-Ifẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà ńlá mẹ́rin tó ń gba ìsàlẹ̀ òkun gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Iṣẹ́ dojú rú ní ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà. MainOne, tó gùn tó 7,000 kìlómítà láti Portugal dé Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010. Funke Opeke tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ló ti gboyè. Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ ti so mọ́ òkun.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, orí ilẹ̀ ni wàhálà ti wá. Wáyà fíbà já ní ibi mélòó kan, ọ̀pọ̀ oníbàárà MTN kò sì rí ìpè pè tàbí dátà lò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Katapílà tó ń tún ọ̀nà ṣe lè já wáyà kan láàárọ̀, kí ọjà ìlú méjì sì dákẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Síbẹ̀, “Èwo ló yára jù?” ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ìbáà ṣe ẹni tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Lágere, tàbí onípọ́ọ̀sì ní Sábó. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń gbà dé ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ra síìmù ilé-iṣẹ́ méjì sì lè rò pé ọ̀nà méjì lòun ní, kó má mọ̀ pé orí òpó kan náà ni ẹ̀rọ àwọn méjèèjì wà. Ọ̀pọ̀ òpó kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn. Àwọn mìíràn ló ni wọ́n, tí wọ́n ń fi yá ju ilé-iṣẹ́ kan lọ. Bí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ òpó náà, síìmù méjèèjì á kú pọ̀.

Ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá ni ti ojú ọ̀run. Starlink dé Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 2023, kó tó dé ibikíbi mìíràn ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n òun náà dákú káàkiri àgbáyé ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2025, fún bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Owó rẹ̀ sì wúwo. Ẹni tí fíbà bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kó gbà á, kó fi síìmù kan tì í lẹ́yìn. Síìmù méjì tí òpó wọn yàtọ̀ ti tó onípọ́ọ̀sì. Ẹni tí oníbàárà òkè òkun ń dúró dè ni sátẹ́láìtì tọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni tó sanwó ọdún kan, kó dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Kó má ṣe dán an wò nígbà tí Yunifásítì wà ní ìsinmi tàbí tí àwọn olùkọ́ ń yanṣẹ́ lódì. Ta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára fún nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé? Kó bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Kó sì ra bátìrì kékeré fún ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, torí NEPA.

Èyí kò yọ ìjọba sílẹ̀. Ní ọdún 2025, àjọ NCC pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa kéde fún oníbàárà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá bàjẹ́ gidigidi, kí wọ́n sì san ẹ̀san bó bá ju wákàtí 24 lọ. Àṣẹ tó dára ni, àmọ́ wákàtí 24 ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé bá ń parí, wákàtí mẹ́ta tó láti ba èrè ọ̀sẹ̀ kan jẹ́, fífi ọjọ́ kún dátà kò sì lè dá oníbàárà tó ti bá ẹlòmíràn lọ padà. Ó yẹ kí NCC dín in kù sí wákàtí mẹ́rin fún ẹni tó ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣòwò, kí wọ́n sì mú ilé-iṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i.