Òṣùwọ̀n Sẹ́fà, Òṣùwọ̀n Èké

Nígbà Iléyá tó kọjá, ọmọ àdúgbò wa kan ti Àbíjàn dé sí Awo, ìlú wa. Kò tíì tú ẹrù tán tó fi na 10,000 sẹ́fà sí ọmọ tó ń ta káàdì pé kó bá òun ṣẹ́ ẹ. Náírà tó gbà padà lé ní 20,000. Bàbá kan tó jókòó nítòsí mi orí: "Ẹ ò rí i? Ìlú tí owó wọn le tó báyìí, ayé ibẹ̀ á dẹrùn ju tiwa lọ." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí àgbà. N kò ní í dákẹ́ nínú ìwé yìí.

Ìgbàgbọ́ náà kì í ṣe ti bàbá nìkan. Ní Ẹjìgbò tó múlé tì wá, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọdé, ẹ ó sì rí i tí wọ́n ń ná sẹ́fà bí ẹni ń ná náírà. Láti ibẹ̀ dé Ẹdẹ, dé gbogbo Ẹgbẹ́dọrẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: sẹ́fà ju náírà lọ, nítorí náà ará Côte d'Ivoire (a kúkú ń pe gbogbo ilẹ̀ náà ní Àbíjàn) ń jayé ju ará Nàìjíríà lọ. Apá àkọ́kọ́ jóòótọ́. Ìkejì kò tẹ̀lé e.

Ẹ rántí 2015. Lọ́dún náà, ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ owó, náírà kan ń gba nǹkan bí sẹ́fà mẹ́ta. Ṣé ayé Nàìjíríà wá dùn ní ìlọ́po mẹ́ta ti Àbíjàn ni? Ta ló sọ ọ́ nígbà náà? Ọkọ̀ ṣì ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Treichville àti Adjamé ní Àbíjàn, n kò sì gbọ́ pé ẹnì kan bọ́ sílẹ̀ torí pé náírà le. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ jẹ́ kó wọn ti ọdún náà pẹ̀lú.

Ta ló tilẹ̀ di sẹ́fà mú? Ilẹ̀ Faransé ló dá a sílẹ̀ ní 1945. Láti 1960, 50 sẹ́fà ni fránkì Faransé kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn olórí ìlú onísẹ́fà pàdé ní Dakar. Kí ilẹ̀ tó mọ́, 50 ti di 100. Lónìí, 655.957 sẹ́fà gééré ni yúrò kan. Wọ́n so ó mọ́ yúrò bí ewúrẹ́ mọ́ òpó. Ewúrẹ́ tí a so kì í ṣáko lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ó yó.

Ẹ wo Niger. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná. Síbẹ̀, nínú ìwé tí àjọ UNDP ń gbé jáde lórí ìgbé-ayé ọmọ ènìyàn, ìdí àgbá ni Niger máa ń wà, Nàìjíríà ń bẹ lókè rẹ̀. Àwọn mẹ́gàádì tó ń ṣọ́lé wa àti àwọn tó ń ti omi kiri, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá. Púpọ̀ nínú wọn, ìlú onísẹ́fà ni wọ́n ti wá wá náírà.

Ti Gánà tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ní oṣù keje ọdún 2007, wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára sídì. 10,000 di 1, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dọ́là dọ́gba. Kò sí ìyá oníkẹ́ńkẹ́ tó jí lọ́jọ́ kejì tó di olówó. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ wa nígbà náà, ní òun náà fẹ́ gé òdo méjì kúrò lára náírà. Ìjọba Yar'Adua ló dá a dúró. Ká ní wọ́n gbà fún un, àwọn kan ì bá ti máa jó pé a ti dé Lọ́ńdọ̀nù.

N kò ní í purọ́ kí n lè borí. Tó bá di ti iná, Àbíjàn fi wá sílẹ̀. Wọ́n ní gáàsì, wọ́n ní ìdídò Soubré tí wọ́n ṣí ní 2017, wọ́n sì ń ta iná fún Mali àti Burkina Faso. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni ọmọ wa kọ́kọ́ bínú sí lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n sẹ́fà kọ́ ló tan iná náà. Niger tó ń ná sẹ́fà, ọwọ́ Nàìjíríà ló ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ títí di 2023. Nígbà tí Nàìjíríà já wáyà lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní Niger lọ́dún náà, Niamey ṣókùnkùn.

Ìwé UNDP kan náà ní 2014 fi Nàìjíríà sí ipò 152, Côte d'Ivoire sí 171. Ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní 2002 ti pín ilẹ̀ náà sí méjì. Ìjà ìbò 2010 sí 2011 sì pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Àwọn èèyàn wa tó fi àpò kan ṣoṣo sá wálé nígbà náà, sẹ́fà wà lápò wọn. Nínú ìwé ti 2025, wọ́n ti kọjá wa: 157 ni wọ́n, àwa 164. Ipò méje. Àlàáfíà àti iná ló gbé wọn sókè, àwa náà sì ń sọ̀kalẹ̀ fúnra wa.

Láti 2023, 75,000 sẹ́fà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin wọn. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ sí náírà á pariwo. Ṣùgbọ́n onílé Adjamé kì í gba náírà, ẹlẹ́ja ibẹ̀ kì í gbà á. Ẹni tó ń gba sẹ́fà, sẹ́fà ló ń ná. Ọ̀sẹ̀ méjì Iléyá nìkan ni owó rẹ̀ ń wú, torí pé ọ̀hún ló ti ṣiṣẹ́, ibí ló ti ń ná an.

Nígbà tí èrò tú ká, mo bi ọmọ wa pé iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni 10,000 yẹn. Ó wo ẹ̀yìn bóyá bàbá ti lọ, ó ká náírà rẹ̀ sápò, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."