Ẹ má fojú kékeré wo ọbẹ̀ ojoojúmọ́

Bí wọ́n bá ní kí á dárúkọ àwọn tó mọ oúnjẹ sè ní ìlú wa, àwọn tó ń se ti ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà ni a máa ń kà. A kì í ka ẹni tó ń fi owó kékeré bọ́ ènìyàn mẹ́fà ní alaalẹ́. Ní tiwa, ẹni yẹn gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ dárúkọ.

Arábìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Kétu tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè kankan. Kò ní òṣùwọ̀n nílé, ahọ́n rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan. Bó bá ti gbọ́ ìró epo, ó ti mọ̀ pé àsìkò àlùbọ́sà ti tó. Irú ló máa ń yí nínú epo kí ata tó wọlé. Bó bá ń se ẹ̀wà, kì í bu iyọ̀ sí i àfi tó bá rọ̀. Bó bá ń se ilá, kì í dé ìkòkò. A bi í pé ta ló kọ́ ọ, ó ní ebi ni. Ìyá wọn ń ná ọjà kiri, òun àti àwọn àbúrò ló ń wà nílé, ó sì jó ọbẹ̀ tó pọ̀ kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ ilá, ẹja gbígbẹ díẹ̀: ohun tó fẹ́ràn láti sè jù nìyẹn. (Àwọn ará Ṣábẹ̀ yóò ní láìsí iyán kò tíì di oúnjẹ. A ò bá wọn jà, ọbẹ̀ la ń sọ.)

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé irú ọbẹ̀ yìí ti ń di ohun ìtìjú. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé irú ń rùn, kúbù ni wọ́n ń jù sínú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí á wo méjèèjì. Èso igi irúgbá ni irú, èyí tí àwọn Fọn ń pè ní afitin. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, kí wọ́n tó bò ó fún bí ọjọ́ 2 tàbí 3. Oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore ni. Kúbù ní tirẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. OMS, àjọ ìlera àgbáyé, sì ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Ẹni tó ju kúbù mẹ́ta sínú ọbẹ̀, tó tún bu iyọ̀ lé e, ǹjẹ́ ó rántí ẹ̀jẹ̀ ríru?

Àwọn ìyá ọlọ́jà yóò ní àwọn kì í tètè dé láti ọjà, kúbù ló yá. Òótọ́ ni pé ó rẹ̀ wọ́n, a ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ilá kì í gbà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó wà nínú irú, oní-irú ti bá wa ṣe é tán. Èwo wá ni ti àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sílé láti ọ̀sán, tí wọ́n ń retí kí ìyá wọn dé kí wọ́n tó jẹun? Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ilá. Kò sí ohun tí yóò bù kúrò lára wọn.

Ẹni tó bá sì ní irú tètè ń bàjẹ́, kó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kó dà á sínú ìgò tó ní ìdérí. Bó bá fẹ́ se ọbẹ̀, kó bu díẹ̀, kó fi omi gbígbóná rẹ ẹ́.