Ẹ má fi fíìmù tó ti kọjá ọjọ́ ya àwọn àgbà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi kámẹ́rà oníke ya fíìmù síláìdì tó ti kọjá ọjọ́ sọ̀rọ̀. Eré náà dùn o, mo gbà. Àwọ̀ á yí padà, àwòrán á dà bí àlá.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ya ìgbéyàwó tàbí àwọn àgbà ilé. Síláìdì kò gba kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù tàbí kó kéré jù, fíìmù tó ti gbó kì í sì í ríran dáadáa mọ́. Kámẹ́rà bíi Holga, tó jáde ní Hong Kong ní 1982, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe.

Ti Kodachrome tún wá le. Ilé ìfọfíìmù tó gbà á kẹ́yìn, ní Kansas, Amẹ́ríkà, dáwọ́ dúró lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá, 2010.

Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ sọ ọdún tó wà lára páálí rẹ̀ fún oníbàárà. Bí bàbá bá ti lọ, ta ni yóò tún un yà?

Èmi ni,
Ayafọ́tò kan.