Ọjọ́ Òjò Kì í Ṣe Ọjọ́ Pàṣán: Iṣẹ́ Ọwọ́ fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Ilé-Kéwú Wa



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ń rọ òjò sílẹ̀ fún àǹfààní ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ọdọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 tí ẹ ń rán wá sí ilé-kéwú ní àsìkò òjò ni.

Gbogbo wa ni a mọ bí òjò ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin ni yóò ti mú ilẹ̀, yóò sì máa rọ̀ títí di oṣù Kẹwàá. Àárín àkókò yìí gan-an ni àwọn ilé-ìwé máa ń gba ìsinmi gígùn, tí ẹ̀yin òbí máa ń kó ọmọ wá fún àwa olùkọ́ láti àárọ̀, títí kan èyí tí kò tí ì lè dá àlùwàlá ṣe. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òrùlé páànù ni ó pọ̀ jù lórí àwọn ilé-kéwú wa. Bí òjò bá ti ń lù ú, ohùn olùkọ́ kò lè jáde mọ́. Ẹni tí ó jókòó níwájú kò gbọ́, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ńlá lè máa wo wàláà tàbí Alùkùránì wọn, kí wọn máa kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Kí ni ọmọ ọdún 4 yóò máa wò? Yóò sùn, tàbí kí ó gbá ẹnìkejì rẹ̀ létí, tàbí kí ó yọ́ jáde sínú òjò. Nígbà náà ni a ó fa pàṣán yọ.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí, ara mi ni mo ń bá wí. Ní ọjọ́ òjò kan, mo na ọmọkùnrin kan tí kò tó ọdún 5 nítorí pé ó bu amọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi kun bẹ́ǹṣì. Ó sunkún títí òjò fi dá. Nígbà tí mo fẹ́ nu bẹ́ǹṣì náà ni mo tó rí ohun tí ó ṣe. Álífù ni ó fi amọ̀ tẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú báù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹyọ amọ̀ kékeré kan sí abẹ́ báù náà. Ẹ̀kọ́ tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pariwo rẹ̀ ni ọmọ náà ń ṣe tí mo fi nà án! Fún ọjọ́ mẹ́ta ni kò wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá rẹ̀ àgbà fà á lọ́wọ́ wá, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà nígbà tí ó rí mi. Ojú tì mí. Mo bẹ ọmọ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ọjọ́ òjò yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn àgbà sọ pé òjò tí ó rọ̀ sí ewúro náà ni ó rọ̀ sí ìrèké. Òjò kan náà tí ó ń sọ ilé-kéwú di kíkorò fún ọmọ lè sọ ọ́ di dídùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Amọ̀ ni àkọ́kọ́, irú èyí tí àwọn ìyá alámọ̀ fi ń mọ ìkòkò, kì í ṣe ẹrẹ̀ ojú títì. A ó ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, a ó pò ó dáadáa, a ó fi aṣọ tútù wé e, a ó sì dì í sínú ọ̀rá kí ó má baà gbẹ. Bí òjò bá dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba èyí tí ó tó ọsàn kan. Bí ó bá yí i gbọọrọ, ó di álífù. Bí ó bá tẹ́ ẹ nílẹ̀ tí ó sì gbé orí rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, tí ó fi ẹyọ kan sí abẹ́, ó di báù. Ẹyọ méjì lókè, ó di táù. Mẹ́ta lókè, ó di sáù. Ọmọ tí kò lè fi etí gbọ́ olùkọ́ nítorí ariwo páànù ń fi ìka ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Ìka tí ó ń yí amọ̀ yìí náà ni yóò le, tí yóò sì lè di gègé mú lọ́la.

Lẹ́yìn amọ̀ ni bébà àlòkù. A lè ká a ní ọkọ̀ ojú omi, kí a gbé e sórí omi inú bàsíà, kí a sì fi í sọ ìtàn Ànábì Núhù fún wọn. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ bébà náà wò, kí ó má jẹ́ èyí tí a kọ áyà Alùkùránì tàbí orúkọ Ọlọ́hun sí. Imọ̀ àgbọn náà wà. Bí a bá yọ igi rẹ̀ fún ìgbálẹ̀, a lè fi ewé rẹ̀ hun ẹní kékeré, òrùka àti aago ọwọ́, kí a sì máa fi aago náà kọ́ wọn ní orúkọ ìrun márààrún. Kódà agolo lásán wúlò. Ẹ gbé e síta kí òjò rọ̀ sínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ fi igi wọn omi rẹ̀, kí wọn sì ka ìdiwọ̀n náà ní èdè Lárúbáwá.

Bàbá kan bi mí pé, “Ààfáà, ṣé kéwú ni mo ní kí ọmọ mi wá kà ni, àbí amọ̀ ni mo ní kí ó wá mọ?” Ìbéèrè rẹ̀ dára, ó sì yẹ kí a dáhùn. Nínú Sahih Bukhari, Rubayyi ọmọ Muawwidh, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin sàhábé, ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi irun àgùntàn ṣe ohun ìṣeré fún àwọn ọmọ wọn ní ọjọ́ ààwẹ̀ Áṣúrá, tí wọ́n fi ń tu àwọn ọmọ náà nínú títí di àkókò ìṣínu. Bí àwọn tí wọ́n gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ Ànábì bá lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ran ọmọ lọ́wọ́ nínú ìjọ́sìn, kí ni ó burú bí a bá fi ràn án lọ́wọ́ nínú kéwú? Ànábì Dáúdà ń fi irin ṣe ẹ̀wù ogun, Ànábì Sàkáríyà sì jẹ́ káfíńtà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Sahih Muslim. Nílẹ̀ wa níbí, ta ni kò mọ aṣọ òfì Ìsẹ́yìn tàbí ìkòkò amọ̀ Ìlọrin? Ìlú kéwú ni méjèèjì, ìlú iṣẹ́ ọwọ́ sì ni wọ́n. Nígbà tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, ó lo kíláàsì àti pátákó ìkọ̀wé. Alùkùránì kò yí padà nítorí ìyẹn. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ni ni ó yí padà.

Ẹlòmíràn yóò ní àwòrán ẹ̀dá abẹ̀mí ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fàyè gba bèbí ọmọdé nítorí hádíìsì tí ó sọ pé ìyá wa Áíṣà (R.A.) ní bèbí tí ó fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi amọ̀ ilé-kéwú mọ háráfì, oṣù, mọ́sálásí àti kẹ́tù àlùwàlá.

Àwọn ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ọkọ̀ bébà kò gbọdọ̀ lọ sínú gọ́tà. Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, àti ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ọ̀gbàrá kò mọ ọmọ kéwú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi ojú ológbò, èso pupa olórí dúdú nì, sín ìlẹ̀kẹ̀, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe fún àwọn kékeré ní ohunkóhun tí ó lè wọ ihò imú tàbí etí. Kí gbogbo wọn sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọn tó jẹun.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pé kí wọn ra bàsíà mélòó kan àti tapólì tí a ó tẹ́ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo bẹ ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ mọ ẹní í hun pé kí ẹ wá fi ọwọ́ yín kọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé álífù amọ̀ gbígbẹ wálé, ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn. Ẹ ní kí ó kà á fún yín. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí òjò bá tún ṣú, ẹ gbé pàṣán sórí àjà, kí ẹ sì tú amọ̀ sílẹ̀.

Ọmọ tí mo nà lọ́jọ́sí ti ń ka súrà báyìí. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń lu páànù, ó ṣì máa ń wo ọwọ́ mi kí ó tó wo ojú mi. Kí Ọlọ́hun forí jì mí, kí Ó sì jẹ́ kí ọwọ́ wa tu àwọn ọmọ wa lára. Àmín.