Kọfí Tí Wọ́n So Rọ̀

Ní Naples, ní Ítálì, èèyàn lè wọ ilé kọfí, kó mu ife kan, kó sì sanwó ife méjì. Caffè sospeso ni wọ́n ń pe ìkejì yẹn, kọfí tí a so rọ̀. Tó bá yá, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á yọjú, á béèrè bóyá ọ̀kan wà nílẹ̀. Kò mọ ẹni tó sanwó, ẹni tó sanwó kò sì mọ̀ ọ́n. Ní ilé kọfí Gambrinus, tó ti wà láti 1860, inú ìkòkò kọfí ńlá kan ni wọ́n ń ju rìsíìtì rẹ̀ sí.

Mo dúró nídìí káńtà ilé kọfí kékeré kan lọ́hùn-ún nígbà tí bàbá arúgbó kan wọlé, tó béèrè. Ọmọkùnrin tó ń po kọfí kọ́kọ́ gbé omi tútù síwájú rẹ̀, kí ẹnu lè mọ́ kí kọfí tó dé, bó ṣe gbé e fún èmi náà. Ife tiwa bára mu. Bàbá ro ṣúgà, ó fà á mu lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde. Kò ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣe mí bákan. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àfi bí mo ṣe rántí àmù ìyá bàbá mi létí ọ̀nà oko ní Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ ni wọ́n máa ń pọnmi kún un, wọ́n á da igbá dé orí ọmọrí rẹ̀, wọ́n á gba ọjà lọ. Ará oko, oníṣòwò, àlejò, kálukú á bù mu, á bá tirẹ̀ lọ. Bí ìyá bá dé tí wọ́n bá àmù ní gbígbẹ, inú wọn á dùn.

Àwọn ilé kọfí kan gbìyànjú àṣà yìí ní London, níbi tí mò ń gbé, ní nǹkan bí 2013. Kò fìdí múlẹ̀ ládùúgbò mi. Ní Naples, owó kọfí kò tó nǹkan, ìdúró ni wọ́n ń mu ún, ẹni tó ń pò ó sì mojú ará àdúgbò. Níbí, ó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ife pépà ni wọ́n fi ń gbé e sáré lọ, iwájú ọ̀wọ́ àwọn tó ń kánjú sì ni aláìní ti máa béèrè. Ojú á tì í.

Nílé ńkọ́? A ti ń fi gbohùngbohùn ṣoore. A ń ya fọ́tò opó lórí ìkúnlẹ̀ nítorí kóńgò ìrẹsì kan, a ń gbé e sórí Facebook. Ó ń dùn mí gan-an. Kí la tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn?

Mo pe àbúrò mi ní Ìsẹ́yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní àmù ìyá ti fọ́ tipẹ́, pé ojú ibi tó ń jókòó sí ṣì wà lábẹ́ igi. Mo ní kó ra òmíràn. Ó bi mí pé ta ni yóò máa pọnmi sí i láràárọ̀.